Ife Tíì Mẹ́ta ní Bouaké

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà pàdé Gúúsù Áfíríkà ní Stade de la Paix, pápá ìṣeré ńlá ìlú Bouaké, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀mì ayò kan sí ọ̀kan ni wọ́n ta kí Nàìjíríà tó fi pẹnárítì borí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ní Abidjan, Côte d'Ivoire fi góòlù kan ṣoṣo lu Kóńgò ti Kinshasa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti onílé àti àlejò nìyẹn: àwa àti wọn ni a ó jọ pàdé ní àṣekágbá.

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Koko lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní òdìkejì títì, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá yí àdògán èédú kan ká, wọ́n ń dúró de tíì. Gbogbo wọn mọ̀ pé Anango ni wá. Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Kò pẹ́, ó di ọ̀rọ̀ ta ló ni ọjà, ta ló ń kó owó ìlú lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ń nàka sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ti ń wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ń ronú bí a ó ṣe tètè tì í. Ọmọkùnrin tó ń se tíì kò sọ nǹkan kan. Ó da ife àkọ́kọ́, ó gbé e fún ẹni tó dìde yẹn. Ó ṣòro kí ènìyàn máa mu tíì gbígbóná lórí ìdúró kí ó tún máa pariwo. Ó jókòó. Kí ó tó mu ún tán, ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀, ó ń bi í pé ta ló ta aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn fún un ní àwìn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe ibùjókòó láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, nígbà tí ogun la Côte d'Ivoire sí méjì. Ìbéèrè ńlá tó wà nídìí ogun náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nídìí tíì lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àjèjì? Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló dé tí ìbéèrè kan náà fi lè di ẹ̀rín láàárín ènìyàn mẹ́wàá, tí ó sì di ìbọn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mi ò rò pé àwọn mẹ́wàá yẹn sàn ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo rò ni pé bí agbo ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú rẹ̀, ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yóò dà.

Grin ni wọ́n ń pe irú agbo bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Málì ni àṣà náà ti wá, àwọn tó ń sọ èdè Bambara àti Dioula ló sì gbé e dé àwọn ìlú tí òwò gbé wọn dé. Àwọn tó jọ dàgbà ní àdúgbò kan, tàbí tí wọ́n jọ kàwé, tàbí tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á pàdé lójú kan náà, lábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á gbé tíì ilẹ̀ Ṣáínà kaná, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá mọ àwọn tó máa ń dúró níwájú àtẹ ìwé ìròyìn ní Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀, yóò rí i pé ìbátan ni wọ́n. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: àwọn ti Èkó ń dúró, àwọn ti Bouaké ń jókòó.

Kò yani lẹ́nu pé àṣà yìí ta gbòǹgbò ní Bouaké. Àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú oríta ni. Ojú irin tí àwọn Faransé ń là bọ̀ láti Abidjan dé ibẹ̀ ní 1912, ó sì kọjá lọ títí ó fi dé Ouagadougou ní 1954. Ojú irin yìí ló mú kí àwọn oníṣòwò àríwá àti àwọn tó ń bọ̀ láti etí òkun máa pàdé ara wọn. Àwọn ènìyàn wa náà wà lára wọn, pàápàá àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò, tí ìrìn Côte d'Ivoire ti wọ ìtàn ìlú wọn débi pé ẹ lè gbọ́ Faransé nínú ọjà Ẹ̀jìgbò lónìí.

Àlejò tó bá pẹ́ nílùú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè di ẹrù lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, wọ́n kọlu àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan, nítorí àwọn kan ń pariwo pé wọ́n gba iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde, Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn gba ọ̀nà Côte d'Ivoire. Ẹni tí wọ́n ti lé rí máa ń fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í fi etí rẹ̀ kúrò ní òdìkejì títì bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tíì náà, nítorí inú rẹ̀ ni òfin agbo wà. Kẹ́tùrù rẹ̀ kéré. Ewé kan náà ni wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á máa dà á láti òkè sínú gíláàsì kékeré, wọ́n á tún dà á padà, títí yóò fi yọ fóòmù. Ti àkọ́kọ́ máa ń korò, èkejì rọ̀ díẹ̀, ẹ̀kẹta dùn, nítorí agbára ewé ń dínkù bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi àkọ́kọ́ wé ikú, wọ́n a fi èkejì wé ayé, wọ́n a sì fi ẹ̀kẹta wé ìfẹ́. Gíláàsì méjì tàbí mẹ́ta ló ń yí ká. Ẹni tó bá mu tán á dá a padà, wọ́n á ṣàn án fún ẹni tó kàn. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá bínú ní ife àkọ́kọ́ ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú rẹ̀ kí ife kẹta tó dé, ìtìjú ni kí ó sì dìde kí ó tó dé. Ẹni tó kéré jù ló sábà máa ń se tíì, nítorí náà ẹni tí kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló di ohun tí gbogbo wọn ń retí mú. Bí gíláàsì bá dé ọwọ́ rẹ, ìwọ ni wọ́n ń wò, bí o tilẹ̀ jẹ́ onítìjú. Lọ́la, ibi tí o jókòó sí lónìí náà ni wàá tún jókòó sí, ẹni tí o bú lónìí ni yóò sì na gíláàsì sí ọ. Yorùbá ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nídìí tíì, ènìyàn máa ń rántí pé òun ló máa gbá ẹyin tó fọ́.

Kẹ́tùrù yẹn tún ń ṣe nǹkan kan tí mi ò tètè fura sí. Kò lè tó ogún ènìyàn. Bí agbo bá ti ń kún ní àdúgbò tí mo mọ̀ yẹn, àwọn kan á ra kẹ́tùrù tiwọn, wọ́n á lọ gbé e kaná ní igun kejì. Wọn kì í jà kí wọ́n tó lọ. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta á ṣì máa wá síbí lánàá, wọ́n á wà lọ́hùn-ún lónìí, wọ́n á máa gbé ọ̀rọ̀ ibí lọ síbẹ̀. Grin kì í sanra. Bíbí ló ń bímọ.

Àwọn Baoulé tó ni ilẹ̀ náà ní òfin tiwọn, tó ti wà kí tíì tó dé. Bí àlejò bá wọlé, wọn kì í bi í léèrè ohun tó bá wá. Wọ́n á fún un ní ìjókòó àti omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ìròyìn, tí àlejò á sì dáhùn pé àlàáfíà ni. Ẹ̀yìn èyí ni ìròyìn gidi tó ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, alágbọ̀sọ ló máa ń gbà á lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, tí yóò tún un sọ fún olórí kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ̀ lè pe èyí ní fífi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ níwájú rẹ, wàá mọ̀ bóyá ó yé wọn, ìwọ náà á sì gbọ́ bó ṣe ń dún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Abidjan, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí agbo bá gbòòrò tí kò bímọ.

Lábẹ́ Félix Houphouët-Boigny, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ṣe ìjọba láti òmìnira ní 1960 títí di 1990. Òun náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìjíròrò. Ní 1969, ó pe onírúurú ẹgbẹ́ jọ, ó jókòó, ó gbọ́ ẹ̀hónú wọn. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló ń tì í. Nígbà tí ìjọba gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ láàyè ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, ọ̀rọ̀ tú jáde sí ìta. Ní Plateau, àdúgbò ọ́fíìsì àti báǹkì ní Abidjan, àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀dọ́ ń pé jọ ní ojú kan láti jiyàn lórí ìròyìn. Wọ́n fi àwàdà pe ibẹ̀ ní Sorbonne, bí yunifásítì Paris.

Mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ Sorbonne sẹ́yìn. Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nílé, lè dúró níbẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ nípa òfin orílẹ̀-èdè, kí àwọn tó wọ táì sì gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lówó ìwé ìròyìn ń gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wu ènìyàn kí ó rí i.

Bí èrò ti ń pọ̀ ni nǹkan ń yí padà. Lẹ́yìn tí ogun dé ní 2002, irú ibẹ̀ tàn káàkiri apá ibi tó wà lábẹ́ ìjọba Laurent Gbagbo. Agora tàbí parlement ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì so pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Jeunes Patriotes, tí Charles Blé Goudé jẹ́ gbajúmọ̀ ohùn wọn. Gbohùngbohùn dé. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n àti dókítà dá ara wọn lọ́lá. Àwọn tó ń ta fídíò àti ìwé pẹlẹbẹ tẹ́ àtẹ yí wọn ká. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ń gbọ́.

Bí ènìyàn bá ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àtẹ́wọ́ nìkan ni èsì tí wọ́n lè fọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá sọ ohun tí èrò ti gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Èyí tó bá sọ ọ́ kíkankíkan ju ti àná lọ, àtẹ́wọ́ tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì ní láti la èrò kọjá dé iwájú kí ó tó lè béèrè ìbéèrè kan. Ta ló fẹ́ dán an wò? Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà Henri Konan Bédié ní àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ ivoirité, ìyẹn jíjẹ́ ojúlówó ọmọ Côte d'Ivoire, ti ń jà ràn-ìn. Nídìí tíì, bí o bá ní ará àríwá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀, ará àríwá ló jókòó tì ọ́. Ní agora, orúkọ lásán ni, orúkọ kì í sì í fèsì.

Ṣé grin wá jẹ́ mímọ́ ni? Rárá. Kí n má parọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Nígbà tí ogun gba Bouaké, yunifásítì kó lọ sí Abidjan, àwọn báǹkì tì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará gúúsù sá lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń mu tíì, ṣùgbọ́n alátakò wọn ti lọ. Agbo ṣì kéré, ìlànà ṣì wà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń le sí i, nítorí gbogbo wọn ti di ohùn kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, bọ́ǹbù bọ́ láti ojú ọ̀run sórí ìlú náà. Ọmọ ogun Faransé 9 kú ní ibùdó wọn. Ta ló máa sọ pé kí a rọra lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn olóṣèlú náà sì rí i pé ìbò wà nídìí tíì. Kí ìdìbò 2010 tó dé, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, agora ti di ti Gbagbo, grin ti di ti Alassane Ouattara. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, àwọn méjèèjì ní àwọn ló wọlé. Nǹkan bí ènìyàn 3,000 ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ní ọdún náà ni wọ́n wó Sorbonne palẹ̀. Ó dùn mọ́ àwọn kan nínú. Lójú tèmi, wọ́n wó ìjókòó, wọ́n fi ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sílẹ̀.

Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi náà ti bà á jẹ́ rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ti àwa ọmọ Yorùbá. Ènìyàn 14 ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, nínú pálọ̀ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ máa ń yí pálọ̀ ká láti ọwọ́ ọ̀tún, kò sí ẹni tó ń fò kọjá. Màmá kan wà tó jẹ́ pé lóṣooṣù ni wọ́n máa ń béèrè pé èló ló kù lápò. Ó máa ń sú wa. Nígbà tí a kọjá ọgọ́rùn-ún, a gba gbọ̀ngàn. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a ra gbohùngbohùn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Àwa márùn-ún là ń sọ̀rọ̀. Màmá yẹn kò béèrè owó mọ́, torí wọn ò lè dìde láàárín èrò kí wọ́n gba irin dání. A pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní ìṣọ̀kan, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ọdún kan ààbọ̀ kọjá kí a tó mọ̀ pé owó kò pé. Kò sí ẹni tó béèrè.

Ohun tí a padà ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní òdìkejì títì ni a ti kọ́ ọ. A pín ara wa sí agbo kéékèèké ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ju ènìyàn méjìlá lọ. Agbo kọ̀ọ̀kan ń rán alágbọ̀sọ wá sí ìpàdé ńlá, ẹni tuntun lóṣooṣù. Iṣẹ́ alágbọ̀sọ ni láti sọ ohun tí agbo rẹ̀ gbà, kí ó sì sọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ní òun kò gbà. Ìpàdé náà ń pẹ́, ó ń sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n màmá wa ti ń béèrè owó padà.

Ohun kan ṣì kù tí grin kò tíì yanjú. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi bóyá obìnrin lè lọ jókòó síbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àwa kì í mu tíì wọn, àwa là ń ta ṣúgà rẹ̀ fún wọn." Agbo kékeré máa ń rọrùn láti fún ẹnu pa. Ohun tó ń mú un lálàáfíà lè jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dùn kò sí níbẹ̀, bó ṣe rí ní Bouaké lásìkò ogun. Nítorí náà, kíkéré nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní ìjókòó, kí ẹnì kan sì máa rìn láti agbo dé agbo.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní góòlù méjì sí ọ̀kan, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Ariwo gba ìlú. A ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin tó ń se tíì gbé gíláàsì kan kọjá títì wá fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Èyí tó dùn ni, ife kẹta. Wọ́n mu ún tán, wọ́n dá gíláàsì padà fún un, torí ẹnì kan ń dúró dè é ní òdìkejì.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́, ìjọ, tàbí ìpàdé ìlú tó ń gbòòrò lójoojúmọ́, kí ẹ tó ra gbohùngbohùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka iye gíláàsì yín.